Ẹrù ńlá lórí títì Ọ̀rẹ̀: Egúngún kì í jáde láì ní atọ́kùn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, egúngún ńlá kì í dédé já wọ àárín ọjà. Kí ó tó jáde rárá, àwọn àgbà ti mọ ọjọ́ tí yóò jáde, wọ́n ti mọ àdúgbò tí yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ni atọ́kùn yóò wà níwájú rẹ̀ tí yóò máa kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ Orò náà ṣe rí nìyẹn. Bí Orò yóò bá jáde lálẹ́, akéde ti lu agogo láàárọ̀, kí obìnrin tó ń bọ̀ láti oko má baà kó sí wàhálà. Àwọn baba ńlá kò kọ òfin ìrìnnà kankan sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ohun tó bá tóbi ju ojú ọ̀nà lọ, ìkéde ni wọ́n fi ń mú un la ìlú kọjá.

Ó ṣeni láàánú pé ohun tí wọ́n ń ṣe fún egúngún yìí, wọn kì í ṣe é fún ẹrù ńláńlá tó ń gba ìlú Ọ̀rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìró fèrè ọkọ̀ ni àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu lẹ́bàá títì yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kí wọ́n tó gbójú sókè, ọkọ̀ gígùn pẹlẹbẹ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní lóbẹ́ẹ̀dì ti dé, ó gbé ẹ̀rọ tó gba ojú títì tán, ọmọ ọkọ̀ kan dúró sórí ẹrù, ó ń fi igi gbé wáyà iná sókè kí ẹrù lè ráyè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọlọ́kadà yóò sá wọ inú gọ́tà, ọkọ̀ èrò yóò máa fẹ̀yìn rìn, àwọn ọmọ iléèwé yóò dúró sí òdìkejì títì títí ọ̀nà yóò fi là. Bí ẹnì kan bá wá béèrè lọ́wọ́ ìyálọ́jà tàbí olórí àdúgbò bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn.

Kì í ṣe Ọ̀rẹ̀ nìkan ni ẹrù ńlá ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n oríta ni Ọ̀rẹ̀. Títì márosẹ̀ tó wá láti Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ìlú Bìní ló la ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà tó wá láti Oǹdó pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Òkìtìpupa ti yà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù láti èbúté Èkó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, tàbí tó ń gbé e bọ̀ láti ọ̀hún, ó ṣòro kó tó lè yẹ Ọ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ogun abẹ́lé fi dé ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra tó forí lé ọ̀nà Èkó kò lè kọjá Ọ̀rẹ̀ mọ́, tí “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” fi di ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ títí di òní. Oríta tó dára fún ogun náà ló dára fún òwò, òun náà ló sì ń kó ẹrù gbogbo ayé jọ síwájú ilé àwọn ará Odigbo.

Àwọn tó ti pẹ́ ní ọ̀nà yìí kò ní gbàgbé bí títì náà ṣe bàjẹ́ tó, nígbà tí tírélà máa ń rì sínú ẹrẹ̀, tí èrò ọkọ̀ máa ń sùn sójú ọ̀nà. Ní ọdún 2007, nígbà tí mínísítà ètò ìrìnnà ìgbà náà, Diezani Alison-Madueke, wá wo títì Ṣágámù sí Bìní, omijé ló bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ lórí títì ọ̀hún, ìjọba gómìnà Rotimi Akeredolu, tó ṣèjọba láti ọdún 2017 títí di ọdún 2023 tó kú, sì kọ́ afárá òkè sí oríta Ọ̀rẹ̀ nítorí jàǹbá ọkọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n títì tí wọ́n tún ṣe àti afárá òkè kò tíì dáhùn ìbéèrè kan: kí ẹrù tó tóbi ju títì lọ tó dé ìlú, ta ló yẹ kó mọ̀, ọjọ́ mélòó ṣáájú ló sì yẹ kó mọ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Ẹ wo iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní Ọmọ́tóṣọ̀ọ́, lẹ́bàá títì márosẹ̀ yìí kan náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa tó bá Odigbo pààlà. Apá kìíní rẹ̀ tí àwọn ará China kọ́ ni wọ́n ṣí ní ọdún 2007, ó ní ẹ̀rọ mẹ́jọ tí agbára gbogbo wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 335. Apá kejì tó wà lábẹ́ ètò NIPP ìjọba àpapọ̀ tún ní ẹ̀rọ mẹ́rin tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ojú irin tó dé Ọ̀rẹ̀, nítorí náà orí táyà ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń rìn. Èyí tó dunni jù níbẹ̀ ni pé, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ní ẹkùn gúúsù Oǹdó tí ẹ̀rọ iná gba iwájú ilé wọn kọjá ló lo ọdún gbọọrọ nínú òkùnkùn lẹ́yìn náà. Ewu ẹrù ni wọ́n rí, wọn kò rí iná. Ẹni tó bá sì jẹ nínú ìnira ohun kan, ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ kí ohun náà tó dé.

Ẹrù mìíràn ṣì ń bọ̀. Ní Àgbábù, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ọ̀dà ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe títì wà níbẹ̀, láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n sì ti mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọ̀dà náà bí ìjọba ṣe ń ṣèlérí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹ̀rọ ńláńlá ni yóò máa wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó pe àwọn ará China wá dá sílẹ̀ ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ náà ń gbé ẹ̀rọ wọlé, wọ́n sì ń kó ọjà jáde. Ó dára kí iléeṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí àlejò ńlá, ó yẹ kó ti gbá ẹnu ọ̀nà.

Kí ó má dà bí ẹni pé ẹrù àwọn iléeṣẹ́ ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹrù ńlá tó jẹ́ ti Odigbo gan-an, inú igbó ló ti ń jáde. Igbó ọba Olúwa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni òwò gẹdú ti pẹ́ níbẹ̀. Ta ni kò mọ agbégilódò? Ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti awakọ̀ lọ, tí orí rẹ̀ kò ní gíláàsì tó pé, tí ìtì igi mẹ́ta mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n gùn kọjá ìdí ọkọ̀, tó sì jẹ́ pé ṣéènì kan ṣoṣo ló dì wọ́n mú. Bó bá fẹ́ gun òkè, ọmọ ọkọ̀ yóò bọ́ sílẹ̀, yóò máa sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú igi tí yóò fi há táyà bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn. Àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ni gbogbo ìkìlọ̀ tó wà. Lọ́sàn-án, àkísà náà ṣe é rí. Lóru ńkọ́? Ọkọ̀ kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí àkísà, kò ní rí iná, igi tó nà sẹ́yìn ni yóò rí, ìgbà tó bá sì rí i, ó ti pẹ́. Igi a máa gba gíláàsì iwájú ọkọ̀ wọlé bá awakọ̀ níbi tó jókòó sí. Ilé tí irú èyí ti sọ di ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba lọ ṣe òfin. Òfin wà. Ní ọdún 2012, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ECOWAS fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan náà fún gígùn, fífẹ̀, gíga àti ìwúwo ọkọ̀ ẹrù, kí ọkọ̀ tó bá tọ̀nà ní orílẹ̀-èdè kan lè tọ̀nà ní èkejì. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà gbé ìlànà jáde lábẹ́ òfin títì ìjọba àpapọ̀, èyí tó dá lórí títóbi àti ìwúwo ọkọ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí aráyé ń pè ní Róòdù Séfítì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ní ẹ̀ka ní Ọ̀rẹ̀, àpọ̀jù ẹrù sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú awakọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó wà ní Àbújá, tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí baálẹ̀ kò rí, tí ìyálọ́jà kò gbọ́, tí awakọ̀ agbégilódò kò lè kà, bí ẹni tó ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn ni.

Ó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ mọ ìdí tí ìwúwo fi ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ló ń san owó rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ohun tó ń ba títì jẹ́ kì í ṣe iye ẹrù inú ọkọ̀ lápapọ̀ nìkan, bí ìwúwo náà ṣe ń tẹ ilẹ̀ ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan ni. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà kọ́ títì kan sí ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n ń wa ọkọ̀ ẹrù lórí rẹ̀ lọ wa ọkọ̀ ẹrù bọ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ba títì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí nibẹ̀ ni pé, bí ìwúwo orí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ títì kì í di ìlọ́po méjì, ó ń súnmọ́ ìlọ́po 16. Èyí já sí pé ọkọ̀ kan tó kó ẹrù ọkọ̀ méjì kò dín ìnáwó kù fún ẹnikẹ́ni àyàfi ẹni tó ni ẹrù. Àwọn yòókù ni yóò gbé gbèsè náà: kòtò yóò yọ, owó ọkọ̀ yóò lọ sókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò pọ́n jù kó tó dé ọjà, aláboyún yóò pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn.

Bí a bá rékọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà, ìlànà àjọ UEMOA ti ọdún 2005 ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ìlànà náà sọ pé fífẹ̀ ọkọ̀ ẹrù kò gbọdọ̀ ju mítà 2.55 lọ, èyí tó dín díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ààbọ̀. Gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 4 lọ, èyí tó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 13. Ìwúwo lórí irin kan tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì náà ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó tóbi jù, pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ. Òṣùwọ̀n ọkọ̀ wà lójú títì, ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n yóò san owó ìtanràn, yóò sì sọ èyí tó lé kalẹ̀. Ẹrù tí kò ṣe é gé sí méjì, bí ẹ̀rọ ńlá, ní láti gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ kó tó gbéra. Kì í ṣe pé ibẹ̀ kò ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ mọ̀ pé wọn yóò wọn òun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 44 lọ, tàbí tó fẹ̀ ju mítà 2.9 lọ, tàbí tí ẹrù rẹ̀ gùn ju mítà 18.65 lọ, wọn kò kà á sí ọkọ̀ lásán mọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá, sí àwọn tó ni títì àti àwọn tó ni afárá tí ẹrù náà yóò gbà kọjá. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko ni àwọn ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi mọ̀ ṣáájú. Bí ẹrù bá ju tọ́ọ̀nù 80 lọ, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni àwọn tó ni títì àti afárá gbọ́dọ̀ fi mọ̀. Olówó ẹrù yóò tún tọwọ́ bọ ìwé pé bí òun bá ba ohunkóhun jẹ́, òun ni yóò san án. Ẹrù tó bá wá ju tọ́ọ̀nù 150 lọ, tàbí tó fẹ̀ ju mítà 6.1 lọ, àṣẹ pàtàkì ni yóò gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú ló sì gbọ́dọ̀ ti béèrè fún un. Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ìwé kíkọ ju ènìyàn mìíràn lọ. Wọ́n mọ̀ pé afárá tí ẹrù bá wó, kì í ṣe ẹni tó gbé ẹrù nìkan ni kò ní lè kọjá mọ́.

Síbẹ̀, ìwé àṣẹ nìkan kò tó. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan tó gbé ẹrù gíga fi orí ẹrù gbá irin afárá orí odò Skagit. Apá kan afárá náà wó sínú odò, èèyàn mẹ́ta sì bá a lọ pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọkọ̀ ẹrù yìí ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ó tún ní ọkọ̀ kékeré kan níwájú tó ń ṣe atọ́kùn fún un, tó na ọ̀pá sókè láti fi mọ ibi tí ẹrù kò ní lè gbà. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ atọ́kùn náà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní àkókò ọ̀hún. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, ó yẹ kí ẹnì kan ti wọn afárá kí ẹrù tó gbéra, kí atọ́kùn sì jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà.

Ilé kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ náà. Ní Òjúẹlẹ́gba ní Èkó, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2023, ní Òjúẹlẹ́gba yìí kan náà, kọ̀ńténà mìíràn já lu ọkọ̀ èrò, èèyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Àwọn àgbà ní iná èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì. Ti Òjúẹlẹ́gba jó ni lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé Ọ̀rẹ̀ fẹ́ dúró de tirẹ̀ ni?

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le. Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹrù tó kọjá ìwọ̀n gba ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kọjá gbọ́dọ̀ kọ̀wé, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú, sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde tí títì wà níkàáwọ́ rẹ̀, sí FRSC, sí àwọn ọlọ́pàá, sí BEDC tó ni òpó àti wáyà iná, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Kí ìwé náà sọ ohun tí ẹrù jẹ́, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe gùn, bó ṣe fẹ̀, bó ṣe ga, iye táyà tó gbé e, ọjọ́ àti àkókò tí yóò kọjá, ibi tí yóò sùn bí ilẹ̀ bá ṣú, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Èkejì, kí ẹnì kan ti gba ọ̀nà náà ṣáájú láti wọn gbogbo wáyà, afárá òkè àti afárá kéékèèké orí odò, pàápàá ní àkókò òjò tí omi ti lè jẹ ìdí wọn. Ẹrù tó fẹ́ gba abẹ́ afárá òkè Ọ̀rẹ̀ kò yẹ kó dé ibẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá òun yóò gbà. Ọmọ ọkọ̀ tó ń fi igi gbé wáyà iná, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Òṣìṣẹ́ BEDC ló yẹ kó pa iná kó sì gbé wáyà.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọba ìbílẹ̀ yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìwé yìí yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà ni láti fi tó baálẹ̀, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà, ọ̀gá iléèwé àti ilé ìwòsàn létí. Kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò OSRC ní èdè Yorùbá, kí akéde sì lu agogo ní àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kí ọjọ́ náà má ṣe jẹ́ ọjọ́ ọjà, kí àkókò rẹ̀ má ṣe jẹ́ ìgbà tí àwọn ọmọ ń lọ sí iléèwé tàbí tí wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí olówó ẹrù tọwọ́ bọ ìwé pé bí òun bá wó ìsọ̀, bí òun bá já wáyà, bí òun bá fọ́ afárá, òun ni yóò tún un ṣe. Bó ṣe wà báyìí, bí ẹrù bá wó ìsọ̀ opó kan, ta ni yóò pè lẹ́jọ́? Ọkọ̀ ti lọ, òun ló kù pẹ̀lú páànù tó ti ká.

Ní ti agbégilódò, kò ní bọ́gbọ́n mu láti ní kí olówó gẹdú máa kọ̀wé ọjọ́ márùn-ún lórí igi tó ń gbé lójoojúmọ́. Òfin ojú ewé kan ní èdè Yorùbá ló yẹ kí wọ́n fún un: igi kò gbọdọ̀ yọ sẹ́yìn ju ìwọ̀n báyìí lọ, ṣéènì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, iná ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa tàn, kí ohun tó ń dán bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i sì wà ní ìdí igi, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ọkọ̀ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba tó máa ń fi òòlù ìjọba sàmì sára igi kí ó tó jáde ló yẹ kó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe dì í. Bí wọ́n bá lè rí àmì òòlù, wọ́n lè rí ṣéènì náà.

Àwọn kan yóò ta ko èyí, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a sọnù. Wọn yóò ní bí ìwé bá ti dé káńsù, àwọn ọmọ tíkẹ́ẹ̀tì yóò ti gbọ́, wọn yóò sì dúró de ẹrù náà lójú ọ̀nà láti gbowó. Òótọ́ ni, ewu yẹn wà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó yé gbogbo èèyàn pé ìfitónilétí kì í ṣe ìtọrọ àyè, kò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì nínú. Káńsù kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kéde lọ. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ nítorí rẹ̀, kí ọlọ́pàá mú un.

Àwọn mìíràn yóò ní ìkéde yóò jẹ́ kí àwọn olè mọ ìgbà tí ẹrù iyebíye ń bọ̀. Kò sí olè tó lè gbé tiransifọ́mà tọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún sá wọ igbó. Bí ẹ̀rù bá sì ń ba olówó ẹrù, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan mọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, kí ìlú mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo tó fún ìyá alátẹ láti kó ọjà rẹ̀ sẹ́yìn.

Àwọn kan yóò tún ní títì ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan ìjọba ìbílẹ̀. Títì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọjà àti ibùdókọ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà àti ibùdókọ̀ Ọ̀rẹ̀ ló wà lẹ́bàá títì yẹn. Ẹni tó ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkìlọ̀.

Àwọn FRSC náà ní láti yẹ ara wọn wò. Ó rọrùn láti dá ọkọ̀ kékeré dúró kí wọ́n máa béèrè ìwé ọkọ̀ àti bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Agbégilódò tí kò ní iná ẹ̀yìn tó ń kọjá níwájú wọn lójúmọmọ léwu ju ìwé tó ti kọjá ọjọ́ lọ. Àwọn ará ìlú náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n má ṣe dúró lábẹ́ ẹrù tó ń kọjá láti máa wòran, kí àwọn ọlọ́kadà má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já sí iwájú, bí wọ́n bá sì rí ẹrù tó fẹ́ já bọ́, kí wọ́n pe nọ́ńbà 122 ti FRSC, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ọ̀gá FRSC ní Ọ̀rẹ̀, àti àwọn ọba àti baálẹ̀ agbègbè náà. Kò dìgbà tí Àbújá bá rán wọn níṣẹ́ kí wọ́n tó pe ìpàdé kan, kí wọ́n sì jọ kọ òfin ojú ewé kan yẹn. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀nà ọjà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ìlagi, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò. Ẹ̀rọ ńlá tí yóò tún gba Ọ̀rẹ̀ kọjá ti lè wà ní èbúté báyìí, kí wọ́n máa dì í mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Kí ó tó gbéra, ó yẹ kí ẹnì kan ní Ọ̀rẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.